Ta Ni "Wọ́n"? Ohun Tí Ìtàn Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Ń Kọ́ Wa Nínú Òyìnbó Ojoojúmọ́

Ìbéèrè kan ti wà lọ́kàn mi láti bí oṣù kan, ó kọ̀, kò lọ. Ọmọkùnrin kan lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá ní Adó-Èkìtì láti fẹjọ́ sùn pé wọ́n ti jí fóònù òun. Ọmọ tó gba A nínú Gẹ̀ẹ́sì WAEC ni. Ó ní, "They stole my phone." Ọlọ́pàá tó di bírò mú gbójú sókè, ó bi í pé, "How many of them?" Ọ̀rọ̀ pèsì jẹ. Ọmọ náà ń wò suu. Kò rí ẹnikẹ́ni. Fóònù wà lápò rẹ̀ nígbà tó gun ọ̀kadà ní Fájuyì. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ ní Òkèṣà, àpò ti ṣófo. Níbo wá ni "they" ti wá?

Ọmọ yìí kò parọ́. Bí ẹ bá ní kó kọ àròkọ lórí ìdí tí ìjọba alágbádá fi sàn ju ti ológun lọ, yóò kọ ojú ewé mẹ́ta láìsinmi. Ṣùgbọ́n bí fóònù ṣe kúrò lápò, ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú kan péré, kò rí i sọ délẹ̀. Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn. Ibi tí mi ò fọkàn sí rárá ni ìdáhùn ti wá: inú ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́.

## Òyìnbó tó wà nínú yàrá

Ẹni tó ń kọ ìtàn ìfẹ́ lè fi ẹwà ojú obìnrin kún ojú ewé méjì kó má sọ àga tó jókòó lé. Ẹni tó ń kọ ìtàn ọ̀daràn kò lè dán an wò. Ó gbọ́dọ̀ sọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà, ẹ̀gbẹ́ tí wíńdò kọjú sí, ẹni tí apá aṣọ rẹ̀ tutù, ìgbà tí omi inú kẹ́tùlù ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ inú ilé fi pọ̀ nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀: "drawer", "shelf", "curtain", "sleeve", "doormat", "latch", "hinge". Ẹ bi ọmọ tó ti jáde ní sẹ́kọ́ńdírì pé kí ni òyìnbó ń pe irin tí ilẹ̀kùn ń yí lórí rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn lè kọ "photosynthesis" láìṣì í, ṣùgbọ́n "hinge" kò sí lórí ahọ́n wọn, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀kùn ni wọ́n ń ṣí láràárọ̀.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ìṣe. "Limp" ni kí ènìyàn máa tiro. "Tiptoe" ni kó máa yọ́ ẹsẹ̀ rìn kí ilẹ̀ má baà dún. "Glance" ni kó fojú bà á kó tètè gbójú kúrò. "Stare" ni kó tẹjú mọ́ ọn. Nínú àròkọ ilé ìwé, "look" nìkan ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí. Nínú ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, ẹni tó "glance" sí àpótí àti ẹni tó "stare" sí i kì í ṣe ẹgbẹ́, nítorí ọ̀kan nínú wọn mọ ohun tó wà níbẹ̀.

Ohun kejì ni pé ìbéèrè kan náà ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ń bi gbogbo afurasí. "Where were you?" "Who were you with?" "When did you last see him?" "What did you do next?" Bí afurasí bá jẹ́ mẹ́fà, ẹ ó pàdé gbólóhùn kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́fà, ìdáhùn rẹ̀ yóò sì máa yàtọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a bá pàdé lẹ́ẹ̀kan kì í dúró síni lórí. Àwọn ìwé yìí ń tún un sọ láìsú wa, torí pé a fẹ́ mọ ẹni tó purọ́.

A kò sì ṣàjèjì sí irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Ọládẹ̀jọ Òkédìjí ti gbé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Lápàdé wá bá wa nínú Àjà Ló Lẹrù láti 1969, Kọ́lá Akínlàdé náà sì kọ tirẹ̀ lóríṣiríṣi. Ẹni tó bá ti kà wọ́n mọ̀ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ìmọ̀ yẹn kì í dúró sínú Yorùbá. Ó ń bá òǹkàwé wọ ìwé òyìnbó. Bí ìtàn ṣe ń rìn ti yé e tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ nìkan ló kù tó ń bá jà. Mo máa ń gba ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ nímọ̀ràn pé kó kọ́kọ́ ka ọ̀kan ní Yorùbá ná.

## Jẹnẹrétọ̀ tó sọnù

Àwọn ọmọ mẹ́fà kan ń kàwé pọ̀ lọ́sàn-án Sátidé. Nígbà tí wọ́n ka ìwé kan tán, wọ́n dá eré tiwọn sílẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ kan ti pòórá nínú ilé fésì-mi-n-fésì-ẹ láàárín agogo mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá alẹ́. Ẹnì kan di ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, àwọn márùn-ún yòókù di ayálégbé, olúkúlùkù wọn yóò sì kọ gbólóhùn mẹ́fà ní òyìnbó nípa ohun tó rí. Kò sí díkíṣọ́nárì. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni wọ́n fún ara wọn.

Ọmọbìnrin kan kọ̀wé nípa ìyá lánlọ́ọ̀dù. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ní Yorùbá ni: "Màmá wọlé. Wọ́n jókòó. Wọ́n mu omi. Wọ́n jáde ní agogo mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá." Ohun tó kọ sórí ìwé ni: "Mama came in. They sat down. They drank water. They left at ten past nine."

Ọmọ tó ń ṣe ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ gba ìwé náà, ó kà á, ó fa ìlà sábẹ́ "they" mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó béèrè pé, "Who came with Mama?" Ọmọbìnrin náà ní, "Nobody." "So who are they?" "Mama." Gbogbo wọn dákẹ́. Ọmọkùnrin náà wá ṣí ìwé rẹ̀ hàn wọ́n. Ó ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé ènìyàn méjì ló jáde nínú ilé ní mẹ́sàn-án kọjá mẹ́wàá, pé ìyá arúgbó kan kò lè dá jẹnẹrétọ̀ gbé, àmọ́ ènìyàn méjì lè gbé e. Ó ti dá ìyá lẹ́bi.

Ẹ wò ó dáadáa. Ọmọbìnrin yìí kò sọ ohun tí kò rí. Ọ̀wọ̀ tó bù fún ìyá ló fún ìyá ní ẹnì kejì tó bá a gbé jẹnẹrétọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé àròkọ kíláàsì ni, tíṣà yóò fa ìlà pupa sábẹ́ "they", yóò kọ "she" sókè rẹ̀, yóò yọ máàkì kan, ọ̀rọ̀ parí. Ọmọ náà yóò ṣe é padà lọ́la. Ṣùgbọ́n níhìn-ín, ọ̀rọ̀ kékeré kan ti sọ aláìṣẹ̀ di olè lójú gbogbo ènìyàn. Láìsí pé ẹnikẹ́ni sọ fún wọn, àwọn mẹ́rin tó kù bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ìwé tiwọn wò, wọ́n ń wá "they". Ẹni méjì tún rí i nínú tiwọn.

## Iṣẹ́ mẹ́ta tí "wọ́n" ń ṣe

"Wọ́n" tiwa ń ru ẹrù mẹ́ta. Èkíní ni ènìyàn púpọ̀: àwọn ọmọ dé, wọ́n jẹun. Èkejì ni àgbà kan ṣoṣo: Bàbá dé, wọ́n jẹun. Ẹ̀kẹta ni ẹni tí a kò mọ̀, tàbí tí a kò fẹ́ dárúkọ: wọ́n ń kan ilẹ̀kùn, wọ́n pè mí láàárọ̀, wọ́n jí fóònù mi.

Òyìnbó pín ẹrù yìí fún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ọ̀rọ̀. Ti ènìyàn púpọ̀ ni "they". Ti àgbà kan ni "he" tàbí "she", ì báà jẹ́ ọba. Ti ẹni tí a kò mọ̀, "someone" ni wọ́n ń lò, tàbí kí wọ́n yí gbólóhùn padà kí ẹni tàbí ohun tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀ sí síwájú kí ẹni tó ṣe é sì fara pamọ́: "Someone is knocking." "I was called this morning." "My phone was stolen." Lóòótọ́, òyìnbó náà máa ń fi "they" tọ́ka sí ẹnì kan tí wọn kò mọ̀, bíi "Someone called, but they didn't leave a name", ṣùgbọ́n ẹ rí i pé "someone" ló kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn fún un. Bí "they" bá dédé wọlé láìsí ẹni tó ṣáájú rẹ̀, ẹni tó ń gbọ́ yóò fẹ́ mọ iye wọn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ọjọ́sí lágọ̀ọ́ ọlọ́pàá nìyẹn. "Wọ́n" ẹ̀kẹta ló wà lọ́kàn rẹ̀, "wọ́n" èkíní ló jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Ó" náà ní wàhálà tirẹ̀. "Mo gbọ́ tó ti ilẹ̀kùn" kò sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Òyìnbó kò ní jẹ́ ká kọjá láìsọ ọ́: "I heard her shut the door." Òǹkàwé tó bá sáré kọjá "her" yẹn ti ju ẹ̀rí tó dára jù nínú orí ìwé náà nù, nítorí bóyá obìnrin kan ṣoṣo ló wà nínú ilé lálẹ́ ọjọ́ náà. Èdè tiwa ń kọ́kọ́ béèrè pé, ṣé ó jù ọ́ lọ? Òyìnbó ń béèrè pé, mélòó ni wọ́n, ọkùnrin ni àbí obìnrin? Kò sí èyí tó burú nínú méjèèjì. Ọmọ Èkìtì tó ń sọ "ulé" nílé tó ń kọ "ilé" ní kíláàsì ti mọ bí a ṣe ń yí ahọ́n padà láti kékeré. Ohun tó kù ni kó mọ ibi tó ti yẹ kó yí i.

## Olè, àkókò, àti òórùn

Ibì kan wà tí Yorùbá ti ṣe iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún wa tí a kò lò ó. A máa ń sọ pé wọ́n *jí* owó, wọ́n *ja* bàbá *lólè*, wọ́n *fọ́* ṣọ́ọ̀bù. A kì í jí bàbá, àfi bí gbọ́mọgbọ́mọ bá gbé wọn lọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni òyìnbó ṣe tò ó: "steal" ń mú ohun tó sọnù, "rob" ń mú ẹni tàbí ibi tí wọ́n jà lólè, "burgle" ń mú ilé tí wọ́n fọ́. "They robbed my money" tí a ń gbọ́ káàkiri kò ní wáyé bí a bá rántí pé owó kò ṣeé jà lólè. Ẹ tún mú "break in" àti "break into": èkíní ń dá dúró, "someone broke in", èkejì ń fẹ́ ilé lẹ́yìn rẹ̀, "someone broke into the shop". "Get away" ni kí olè sá lọ. "Get away with it" ni kó ṣe é gbé, bó tilẹ̀ jókòó sílé rẹ̀.

Àkókò ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù. Ní Nàìjíríà, bí ènìyàn bá ní "I will come by nine", agogo mẹ́sàn-án gan-an ló ní lọ́kàn. Nínú ìwé òyìnbó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, "He was home by nine" túmọ̀ sí pé mẹ́sàn-án kò bá a níta: ó lè ti dé láti méje, ó sì lè jẹ́ pé ó ku ìṣẹ́jú kan kí mẹ́sàn-án lù ló wọlé. "At nine" ni mẹ́sàn-án gan-an. "Until nine" ni títí di mẹ́sàn-án. Bí wọ́n bá pa olóògbé ní mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, "by nine" kò wẹ afurasí mọ́ rárá, òǹkàwé tó sì rò pé ó wẹ̀ ẹ́ mọ́ yóò máa fura sí ẹlòmíràn títí ìwé yóò fi parí.

"Had" náà ńkọ́? "When the driver arrived, she left": dírẹ́bà bá a nílé. "When the driver arrived, she had left": kò bá a. Ìyàtọ̀ "ó jáde" àti "ó ti jáde" nìyẹn. Etí tó bá gbọ́ "ti" wa kò yẹ kó ṣìnà nínú "had" tiwọn. "Must have" ni "ó ní láti jẹ́ pé". "Might have" ni "ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé". "Can't have" ni "kò lè jẹ́ pé". Kò sí ìwé tó ń lò wọ́n tó ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, ojoojúmọ́ ayé la sì ń fẹ́ wọn: "I must have left it in the taxi." "He can't have gone far." Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni "must have went". Lẹ́yìn "have", "gone" ni.

Díẹ̀ sí i, kí n tó kúrò níbẹ̀. Yorùbá ń gbọ́ òórùn, òyìnbó kì í gbọ́ ọ: "She smelt gas", kì í ṣe "She heard the smell of gas". Nígbà tí a bá kí ẹni tó kọsẹ̀ ní "Sorry", pẹ̀lẹ́ la ní lọ́kàn. Òyìnbó tó gbọ́ ọ lè máa rò pé àwa la gbé òkúta sọ́nà. Nínú ìtàn, ẹni tó dúró ti òkú tó ń sọ "I'm sorry, I'm so sorry" lè jẹ́ ẹni tó ń ṣàánú, ó sì lè jẹ́ ẹni tó ń jẹ́wọ́. Ẹ wo ohun tó sọ tẹ̀ lé e.

## Bí a ṣe ń kà á kó lè wọlé

Ìwé tó le jù ló ń lé ènìyàn sá. Ẹ ṣí àárín ìwé, ẹ ka ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀, kí ẹ sì ka iye tí ẹ kò mọ̀. Bí ó bá jẹ́ méjì, ẹ rà á. Bí ó bá kọjá márùn-ún, ẹ fi í sílẹ̀ ná. Ìdíwọ̀n méjì nínú ọgọ́rùn-ún yìí bá ohun tí Hu àti Nation, àwọn onímọ̀ nípa kíkọ́ èdè, rí nínú ìwádìí wọn ní 2000 mu, pé òǹkàwé nílò láti mọ bíi ìdá 98 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọ̀rọ̀ inú ìwé kí ìtàn tó lè yé e dáadáa láìsí ìrànlọ́wọ́. Àwọn ìwé tí wọ́n dín ọ̀rọ̀ inú wọn kù fún akẹ́kọ̀ọ́ wà. Ti Oxford Bookworms bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀rọ̀ 400 ní ìpele kìíní, ó di 1,000 ní ìpele kẹta, ó sì dé 2,500 ní ìpele kẹfà. Ìtàn ọ̀daràn pọ̀ nínú wọn.

Àwọn ìtàn Sherlock Holmes tí Arthur Conan Doyle kọ wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Project Gutenberg, ibi ìkówèésí orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ìwé àkójọ àkọ́kọ́, tó jáde ní 1892, ní ìtàn kúkurú méjìlá. Ọgbọ́n inú wọn kò láfiwé, àmọ́ òyìnbó ayé ẹṣin ni. "Hansom" ni kẹ̀kẹ́ tí ẹṣin ń fà, "I fancy" sì ni "mo rò pé". Ẹni tó bá gbé wọn wọ báńkì lónìí, wọn yóò wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo fẹ́ kí ènìyàn kà wọ́n lẹ́yìn ìwé márùn-ún tòde òní.

Bí ìwé bá ti wà lọ́wọ́, orí kan lálẹ́ kan ti tó. Ẹ kà á tán láìṣí díkíṣọ́nárì, kí ẹ fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ mẹ́wàá, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Nínú mẹ́wàá yìí, méjì péré ni kó jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀. Mo ti rí ìwé ọ̀rọ̀ tó kún fún "strangle", "corpse" àti "bludgeon", tí "sleeve" kò sí níbẹ̀. Aṣọ la ń wọ̀ lójoojúmọ́; a kì í fún ènìyàn lọ́rùn.

Ẹ má ṣe to ọ̀rọ̀ ní A, B, D. Ẹ fún afurasí kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé tirẹ̀ nínú ìwé àkọsílẹ̀, kí ẹ sì da gbólóhùn odindi kọ síbẹ̀ láti inú ìwé: ibi tó ní òun wà, ẹni tó ní òun wà pẹ̀lú, ohun tó ní òun gbọ́. Ọ̀rọ̀ tó dá dúró ń ṣá. Èyí tó wà lẹ́nu ẹnì kan tí a ń fura sí kì í ṣá. Kí ẹ tó ka orí tó gbẹ̀yìn, ẹ pa ìwé dé, kí ẹ fi ìṣẹ́jú méjì dá ẹnì kan lẹ́bi ní òyìnbó, sókè ketekete. "It must have been the nephew, because..." Ahọ́n yóò kọ́sẹ̀. Kò burú, torí díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Lẹ́yìn náà, ẹ tún ìwé náà kà. Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń sá, wọ́n ní àwọn ti mọ ẹni tó ṣe é. Kíkà kejì yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́. Ìbẹ̀rù ti lọ, ojú ti balẹ̀, ẹ ó wá rí "by" tó tàn yín, "had" tí ẹ fò, "her" tó ti wà lójú ewé kejìlá láti ọjọ́ tí wọ́n ti tẹ ìwé náà.

Mo tún padà sọ́dọ̀ ọmọ tí fóònù rẹ̀ sọnù. Bí ó bá jẹ́ pé ó ti lo ọ̀sẹ̀ díẹ̀ pẹ̀lú àwọn afurasí inú ìwé, tó ti ń béèrè lọ́wọ́ ara rẹ̀ pé ta ló wà níbẹ̀, nígbà wo, ta ló rí i, gbólóhùn márùn-ún ni ì bá fi parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà:

"My phone was stolen this morning. I had put it in my left pocket before I got on a bike at Fajuyi. At Okesa I got off, and it was gone. Someone must have taken it when we stopped for fuel. I didn't see who it was."

Ọlọ́pàá ì bá kàn máa kọ ọ́ lọ.